Bèbí Orí Pẹpẹ

Ọ̀yọ́,
ọ̀sán Ọjọ́rú.

Àkànní, ọmọ mi,

Bí o bá rí ìwé yìí nínú páálí, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú. Ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀, kò lé, kò dín. Àwọn ọmọ Sìdí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, wọ́n ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé wọ̀tsáàpù. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé ibi tí o ò fẹ́, wàá ní, "Màámi, nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ yín mọ́." Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lánàá ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. O ní èésú tí ìwọ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ń dá máa kàn ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. O ní o ti rí ọkọ̀ oníbátìrì kan, irú èyí tí ọmọdé ń jókòó sínú rẹ̀ wà, bíi ti ọmọ-ọmọ onílé yín tó ń gùn ún kiri àgbàlá, pé òun lo máa fi owó náà rà fún Àmínà ọmọ rẹ kí Iléyá tó dé. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa, mo ní kí o bá mi kí Mùínátù ìyàwó rẹ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Oyún Mùínátù ti wọ oṣù kẹjọ, Àkànní. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àmínà jáde nínú rẹ̀. Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tíátà nígbà náà, tí nọ́ọ̀sì ń jáde tó ń béèrè èyí, tó tún ń padà wá béèrè tọ̀hún, tí ìwọ ṣì wà lójú ọ̀nà tí ò ń sunkún lórí fóònù. Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún mi, lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ èésú yẹn, pé nítorí ìkúnlẹ̀ Mùínátù ni. Ìyàwó rẹ ò bá mi sọ nǹkan kan o! Má lọ bá a fa wàhálà. Ìwọ lo sọ ọ́, èmi ni mo gbọ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú ọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ọdún méjì lo fi wà l'Ábújá, tí ìyàwó àti ọmọ wà lọ́dọ̀ mi níbí. Nígbà tí o ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí o wá kó wọn lọ sí àdúgbò Under G níbẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé bí o bá wọlé, Àmínà á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, pé "Dádì Àbújá" ló ṣì ń pè ọ́. Ó dùn ọ́, ó dun èmi náà. O wá rò pé bí o bá gbé ọkọ̀ yẹn wọlé, á fò mọ́ ọ lọ́rùn.

Èmi ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí torí ojú ń tì mí.

Ṣé o rántí bèbí tó wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀? Èyí tí mo máa ń torí rẹ̀ pariwo mọ́ ọ bí o bá ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí rẹ̀? O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ló ni ín, mo ní kí o lọ pọnmi. Sìdí ló ni ín.

A ò tíì bí ọ nígbà náà. Ike ni mò ń tà l'Ọ́jà Igbó l'Ógbómọ̀ṣọ́, abọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì, jọ́ọ̀gì. Mo gba yàrá kan síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń padà sí Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá yín ni Sìdí wà, ọmọ ọdún márùn-ún. Bí mo bá ti ń di ẹrù, á gbá ìró mi mú, á ní, "Màámi, ẹ má lọ." Èmi á ní, "Mo máa ra nǹkan bọ̀ fún ẹ." Nígbà tó yá, kò gbá ìró mi mú mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan mo dé, mo na ọwọ́ sí i, ó wò mí, ó yíjú, ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni mo rí bèbí náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ọjà òkè òkun. Bí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á di ojú. Bí o bá tẹ ikùn rẹ̀, á kọrin. Aṣọ ọrùn rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Owó tí mo ti ń fi pamọ́ sábẹ́ àpótí de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ni mo kó lé e lórí. Bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí Àlùjánnà, ìwọ náà mọ̀ pé káfíńtà gidi ni. Mo ti sọ fún un ṣáájú pé mo ń wá nǹkan ìṣeré fún ọmọ. Ó ní, "Ìyá Sìdí, jẹ́ kí n fi àjákù pákó kan ọkọ̀ fún un. Kò ju wákàtí kan lọ." Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá Sìdí! Ọmọ tèmi ò ní máa fi pákó ṣeré bí ọmọ tí ò ní ìyá." Ó wò mí, ó padà sídìí pákó tó ń fá.

Mo gbé bèbí délé. Gbogbo agboolé wá wò ó. Sìdí la ẹnu sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní, "Rọra! Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á ni?" Mi ò yọ ọ̀rá lára rẹ̀. Mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa kí àlejò lè máa rí i. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Èmi tí ọwọ́ mi tó pẹpẹ, ńṣe ni mo gbé e síbẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ má baà tó o. Sìdí á dúró sísàlẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wò ó.

Iléyá kọjá. Kò pé oṣù kan, ibà dá a wó. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi l'Ọ́jà Igbó, mo sáré wọ mọ́tò. Ìgbà tí màá fi dé, ara ọmọ gbóná janjan, ojú rẹ̀ ti ń yí. Wọ́n ní ká kó owó sílẹ̀ ní ọsibítù. Bàbá yín wà ní Ìrẹsà, ó lọ kan òrùlé fún àwọn àgbẹ̀ kan, kò sì sí fóònù nígbà náà. Mo ṣí àpótí. Aṣọ nìkan ló kù níbẹ̀.

Mo gbé bèbí sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, mo fi í sábẹ́ apá, mo gba ọjà lọ. Mo kọ́kọ́ ní iye tí mo rà á ni wọ́n máa rà á. Mo já a sí ìdajì. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n sọ iye tó bá wù wọ́n. Wọ́n á gbà á, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á dá a padà. Obìnrin kan tó ń ta ata wojú mi, àánú mi ṣe é, ó ní, "Ìyá Sìdí, nǹkan yìí mà dára o. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ ẹ́?"

Ìyá bàbá yín ló tú etí ìró. Owó tó ti ń tọ́jú fún aṣọ òkú ara rẹ̀, òun ló fi lé mi lọ́wọ́. Kò bú mi, ó kàn ní kí n tètè máa lọ. Títí dòní, bí mo bá ń ṣe àdúrà fún òkú ọ̀run, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dá.

Wọ́n fa omi sí Sìdí lára. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó la ojú. Inú mi dùn, orí mi ò pé mọ́, mo gbé bèbí sókè níwájú rẹ̀. Mo ní, "Sìdí, wò ó, bèbí ẹ rèé. Mo máa yọ ọ̀rá ara ẹ̀, wàá máa gbé e pọ̀n." Kò wo ibẹ̀ rárá. Ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ò ní lọ lọ́jọ́ Ajé?"

Mi ò lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Mi ò tajà l'Ọ́jà Igbó mọ́, ẹnu ọ̀nà ilé wa níbí ni mo pàtẹ sí. Sìdí ò béèrè bèbí mọ́. Ojú sì ń ti èmi náà láti gbé e fún un, mo bá dá a padà sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ lo bá a.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Má bínú bí kò bá tò dáadáa. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Èkíní. Owó ìkúnlẹ̀ kì í ṣe owó ìṣeré. Bí wọ́n bá kó èésú fún ọ lọ́jọ́ Sátidé, má yà síbì kankan. Gba ilé lọ tààrà, kí o kó o lé Mùínátù lọ́wọ́. Bí Ọlọ́run bá ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa bí, owó ò ní jẹrà. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n máa tún lo abẹ, wàá ti mọ ibi tí owó wà. Ọkọ̀ oníbátìrì yẹn, bí o bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà tíátà, wọn ò ní gbà á. Mo bẹ̀ ọ́, mo tún bẹ̀ ọ́. Bí o bá ti san àsansílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, lọ gbà á padà lọ́la. Bí kò bá dá gbogbo rẹ̀ padà, gba èyí tó bá fún ọ, kí o máa bọ̀ nílé.

Èkejì. Àmínà ò bá ọ jà. Kò mọ̀ ọ́ ni. Èmi tí mo bá a gbé fún ọdún méjì, jẹ́ kí n sọ ohun tó fẹ́ràn fún ọ. Ó máa ń bu yanrìn sínú agolo tòmátì, á ní ìrẹsì ni. Á gbé e sórí bẹ́ńṣì, á máa polówó rẹ̀ fún mi. Ewé ni owó rẹ̀. Bí o bá tibi iṣẹ́ dé, bọ́ bàtà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o ní, "Ìyá onírẹsì, èló ni kọ́ńgò kan?" Kí o sì ná an o! Bí o bá kàn san iye tó pè, kò ní kà ọ́ sí, á ní o ò mọ ọjà rà. Má gbé fóònù dání. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá kó tó tà fún ọ. Ìwọ ṣáà máa lọ. Ìfẹ́ ọmọ ò ṣeé fi owó ṣí bí ìdérí agolo.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ onílé yín. Má wo ago aláago ṣiṣẹ́. Onílé ni onílé, ayálégbé ni ìwọ. Ta ló máa ṣáájì bátìrì yẹn fún ọ nígbà tí iná bá lọ? Àbí epo jẹnẹrétọ̀ lo máa fi rọ ọkọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún yó? Ó máa bàjẹ́ kó tó di ọdún tó ń bọ̀, mẹkáníìkì kankan ò sì ní í gbà á. Wàá gbé e ti igun ilé, adìẹ á máa yé ẹyin sínú rẹ̀. Ó kéré tán, ẹyin yẹn á wúlò.

Mi ò ní kí o má ra nǹkan fún ọmọ o. Ọmọ ni, ó yẹ kó rí nǹkan mú ṣeré. Ṣùgbọ́n má rà á lọ́sẹ̀ Iléyá. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ pé ojú bàbá ọmọ fọ́ nígbà náà, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọdún, lọ sí Ọjà Igbó, béèrè ọjọ́ tí àwọn tó ń ta òkìríkà ìṣeré ọmọdé máa já béèlì tuntun. Tètè débẹ̀ láàárọ̀. Yẹ ilé bátìrì rẹ̀ wò bóyá ó ti dógùn-ún. Má ra ohun tó ní nǹkan wẹ́wẹ́ tó lè já, torí ọmọ tuntun ń bọ̀, ẹnu lọmọ jòjòló fi ń mọ ayé. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn. Má mú Àmínà dání lọ. Bí ó bá dá ọ lójú pé o lágbára, mú un lọ, ojú rẹ á rí nǹkan.

Bí àwọn ìyá ọmọ tó wà nínú ọgbà yín bá ń bá ara wọn rẹ́, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìṣeré láàárín ara wọn. Ohun tó ti sú ọmọ kan, tuntun ni lójú ọmọ kejì. Èyí tó bá sì ti sú Àmínà fúnra rẹ̀, kó o pamọ́ fún oṣù méjì, kí o wá gbé e jáde, á rò pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Mo ti tan ìwọ náà báyẹn rí, àìmọye ìgbà.

Má sì ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Àgbà lè gbàgbé gbèsè, ọmọdé kì í gbàgbé ìlérí. Ní ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ níléèwé, mo gbọ́ pé àwọn òbí kan ń di ẹ̀bùn sínú báàgì fún gbogbo kíláàsì. Páálí bísíkíìtì kan tó. Bí tíṣà bá fi ojú burúkú wò ọ́, kí o kí i kú iṣẹ́, kí o máa lọ.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Wàá ní èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń ra ṣingọ́ọ̀mù àti súwíìtì fún un lójoojúmọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi. Òótọ́ ni, mo jẹ̀bi. Ìyá àgbà ni mí, wọ́n ti dárí jì mí.

Nǹkan kan kù. Ilé yìí ni ayùn bàbá rẹ wà, òòlù rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, mo sì rí ọ tí o kan àpótí fún mi nígbà tí o wà ní ìwé mẹ́wàá. Àjákù pákó pọ̀ ní sọ́ọ̀bù káfíńtà. Bàtà sílípáàsì tó já, o lè gé e ṣe táyà. Ọkọ̀ tí mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ kàn fún Sìdí, bá mi kàn án fún Àmínà. Kan án níṣojú rẹ̀, kó máa bá ọ di ìṣó mú. Mo ti fi ayùn náà sínú páálí.

Bèbí náà wà nínú páálí. Lánàá, bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé àga, mo fi orúnkún burúkú yìí gùn ún, mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ ti gbó, ó ń rún sí mi lọ́wọ́. Ojú kan ò dì mọ́, kò kọrin mọ́ pẹ̀lú. Mo pe Sìdí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tíṣà odindi, tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀. Mo ní, "Gbà. Tìẹ ni."

Ó gbà á. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó tún tẹ apá rẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. Bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nìyí."

Àkànní, ọ̀rá tó rún sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

Ó dá a padà fún mi, ó ní kí n fún Àmínà. Jọ̀ọ́, fún un láìsí ọ̀rá. Kó wọ́ ọ nílẹ̀, kó fi í jókòó ti ìrẹsì rẹ̀, kó fi omi wẹ̀ ẹ́. Bó bá fọ́ ọ, má bá a wí, ó ti pẹ́ tó yẹ kó fọ́. Mo tún fi kọ́ńgò kékeré tí Àmínà gbàgbé síbí sí i. Òun ló fi ń wọn ìrẹsì fún mi, ó ṣeé ṣe kó ti máa wá a.

Kí Ọlọ́run sọ Mùínátù kalẹ̀ láyọ̀, kó jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Awakọ̀ tó máa gbé páálí yìí wá sọ pé òun á dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, ìwọ á sì ti kà á kí Sátidé tó dé.

Pè mí lọ́sàn-án Sátidé. Mi ò ní lọ síbì kankan, ẹ̀gbẹ́ fóònù ni màá jókòó sí. Má kí mi gùn, má sọ ti ọkọ̀ fún mi. Gbé fóònù fún Mùínátù, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé owó ti wà lọ́wọ́ òun, kí n lè jẹun.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí àyà ń já.